Ọlidé Kọ́ La Wà Níbí O

Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ífẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti rí fọ́tò tí mo gbé sórí státọ́ọ̀sì mi, ó máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ń jayé o, òkun lẹ ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni, torí mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọdún 2019 la kó dé Barbados, erékùṣù kan ní Kàríbíánì, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ méjèèjì, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá, àtìgbà náà ni gbogbo ẹbí ti gbà pé ọlidé la lọ tí a ò tíì bọ̀. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí gan-an sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá tún bi mí.

Òkun ò jìnnà sílé wa lóòótọ́. Àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Christ Church là ń gbé, lápá gúúsù, tí mo bá fẹsẹ̀ rìn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa fi dé etí omi. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wọ inú òkun lọ́dún tó kọjá, bóyá ló tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Iṣẹ́ wà, ọmọ wà, aṣọ wà láti fọ̀. Èèyàn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúmọ náà kì í gun òkè yẹn lójoojúmọ́.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jí. Aago mẹ́wàá ti lù nílé nígbà yẹn, Màámi á ti ṣe gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ wọn tán, ìgbà yẹn la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè wọ́n láti ibí, wọ́n ní ẹyẹ wo ló ń súfèé lẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í ṣẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí kò tóbi ju orí ìka ọwọ́ lọ, tílẹ̀ bá ti ṣú báyìí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ó di ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi rí oorun sùn dáadáa. Ní báyìí tí mo bá sùn níbòmíì tí mi ò gbọ́ wọn, ara mi kì í balẹ̀.

Erékùṣù yìí kéré jù. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kìlómítà 34 ni, ìbú ẹ̀ jẹ́ 23, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 280,000. Ẹ fi wé Ìbàdàn kẹ́ ẹ wò ó. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí. Obìnrin tó ń ta ẹja fún mi l'Oistins, ìlú àwọn apẹja, ọmọ ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ mi ní bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló tún ń tún mọ́tò wa ṣe, tí mo bá bá ọ̀kan jà mẹ́ta ni mo bá jà yẹn. Torí náà àwọn èèyàn ibí ń ṣọ́ ẹnu wọn, wọ́n sì ń kíra wọn. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo nǹkan lọ níbí. Mọ́tò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ZR, torí lẹ́tà méjì tó máa ń wà níwájú nọ́ńbà ẹ̀, funfun ni, wọ́n fa ìlà aró pupa sí i lára, tẹ́ ẹ bá rántí dánfó Èkó ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, orin á máa lu gbì gbì, kọ̀ndọ́kítọ̀ á ní kẹ́ ẹ súnra, èèyàn mẹ́rin níbi tó yẹ kéèyàn mẹ́ta jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé ẹ káàárọ̀, gbogbo ọkọ̀ á sì dá a lóhùn. Ẹni tó bá wọlé tí ò kíni, wọ́n á wò ó bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, torí mo ti gbé London fún ọdún méjì kó tó di pé mo dé ibí, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn jókòó ti ẹnìkan fún wákàtí kan láìsí ẹ ń lẹ́.

Màmá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wọ́n ti lé ní 70, Mọ́mì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbá mi lápá mú, wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Mo ṣàlàyé. Àtìgbà yẹn, tí mo bá fẹ́ kọjá láìkúnlẹ̀ torí ẹrù wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á dúró dè mí. Gbogbo ìdájí kí oòrùn tó yọ, ìyá yìí máa ń lọ wẹ̀ nínú òkun, àwọn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á dúró sínú omi tó dé àyà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi pé bí òjò bá ká mi mọ́ etíkun, mi ò gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ igi manchineel, torí omi tó bá kán lára ewé ẹ̀ máa ń bó èèyàn lára bí omi gbígbóná, èso ẹ̀ sì jọ ápù kékeré, májèlé ni. Wọ́n máa ń kun ọ̀dà pupa sí i lára káwọn àlejò lè mọ̀. Gbogbo ọmọ ibí ló mọ̀ ọ́n kó tó mọ ABD.

Omi ẹ̀rọ ibí ṣeé mu, ìyẹn ya èmi ọmọ Ifẹ̀ lẹ́nu gan-an. Ọ̀pọ̀ erékùṣù tó yí wa ká, òkè oníná ló bí wọn, ṣùgbọ́n Barbados yàtọ̀, iyùn inú òkun ló kó jọ di òkúta láti àìmọye ọdún, tí òjò bá rọ̀ omi á máa jò gba inú òkúta yẹn lọ sábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Odò gidi ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Omi yẹn mọ́, àmọ́ ó le, tí mo bá se omi nínú kẹ́tùlù fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdí ẹ̀ á ti funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Iyọ̀ tún wà nínú atẹ́gùn. Atẹ́gùn ò dákẹ́ rí níbí, láti ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́, iyọ̀ òkun ló sì ń gbé bọ̀. Àgádágodo, ìṣó, irin wíńdò, fáànù, ìdí fíríìjì, gbogbo ẹ̀ ló ń dógùn-ún. Ilẹ̀kùn géètì tí a rà tuntun, kó tó pé ọdún méjì ó ti lu. Ọkọ mi wá di kunlékunlé, gbogbo ọdún ló ń gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Tẹ́ ẹ bá béèrè ohun tó le jù níbí, owó oúnjẹ ni. Ojú omi ni ohun gbogbo ń gbà dé. Wíìtì, ìrẹsì, wàrà, kápẹ́ẹ̀tì, bàtà sùkúù, epo tí wọ́n fi ń tan iná, inú ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ẹ̀ wà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gba owó ẹrù, wọ́n á gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á tún gba VAT 17.5%. Ó wá jẹ́ pé a máa ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá pẹ́, torí àwọn pákó ìpatẹ inú sùpamákẹ́ẹ̀tì á ṣófo, lẹ́ẹ̀kan náà gbogbo ìlú ò ní rí ẹyin rà tàbí àlùbọ́sà, kó sì tún wá pọ̀ yamùrá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dọ́là ibí, méjì ló ń jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1975, kò yí padà. Màámi ò lè gba ìyẹn gbọ́ rárá, bí náírà ṣe ń yí lójoojúmọ́ yìí.

Torí náà ohun tó hù nílẹ̀ la ń jẹ jù. Gbẹ̀rẹ̀fútù! Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ló máa mọ ohun tí mò ń sọ, jáloókè wa yẹn, èyí tí a fi ń gún iyán tí iṣu bá wọ́n. Igi ẹ̀ wà ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé níbí. Ti wọn, inú iná ni wọ́n máa ń jù ú sí títí ara ẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á là á, wọ́n á ti bọ́tà àti ẹja iyọ̀ sínú ẹ̀. Èmi gún tèmi. Mo gbé abọ́ kan fún Mọ́mì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan, lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé gbẹ̀rẹ̀fútù mẹ́ta wá sílé wa wọ́n ní kí n bá àwọn gún un. Àwọn náà wá pè mí wá wo bí wọ́n ṣe ń ro cou-cou: ìyẹ̀fun àgbàdo ni, omi ilá ni wọ́n fi ń rò ó, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń rò ó, mo wo igi yẹn, ọmọ orógùn ni, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní kíṣìnnì Màámi. Ẹja tó ń fò ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹja kan tó ní ìyẹ́, tó máa ń ta kúrò nínú omi bí ẹyẹ, òun náà ló wà lára owó kọ́ìnì dọ́là kan wọn. Tó bá wá di oṣù kọkànlá, ìgbà òmìnira wọn, wọ́n á po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ elégédé, àgbọn àti kúkúńdùnkún, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sè é bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín eléwé. Conkies ni wọ́n ń pè é. Ó dùn gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà máa ń mú mi dúró lójijì. Tí Mọ́mì bá ń bá èèyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ wọ́n á ní "wunna". Ọ̀rẹ́ mi Ìgbò kan tí a jọ wà ní yunifásítì ló fò sí mi lọ́kàn, torí "unu" ni wọ́n ń sọ fún ẹ̀yin. Àwọn onímọ̀ èdè náà sọ pé ọ̀dọ̀ Ìgbò ló ti wá. Ká sòótọ́, Yorùbá ò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá síbí, tiwa pọ̀ sí Cuba, Brazil àti Trinidad. Ní Trinidad títí dòní, àjọ tí wọ́n ń dá, susu ni wọ́n ń pè é, èsúsú wa ni. Àwọn ará Barbados náà ń dá a, ṣùgbọ́n "meeting turn" lorúkọ ẹ̀ níbí. Mo wà nínú ọ̀kan, àwa méjìlá, obìnrin tó ń ta aṣọ ló ń gbà á jọ. Ìgbà tí owó kàn mí la fi ra tánkì omi.

Mo ti sọ pé láti ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Apá ibẹ̀ ni Áfíríkà wà. Téèyàn bá lọ dúró ní etíkun Bathsheba, lápá ibi tí ìgbì ti ń ru gùdù, tó kọjú sí òkun, kò sí ilẹ̀ kankan láàárín títí dé Gambia. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ọkàn mi. Àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ mángòrò àti ìbẹ́pẹ wa lẹ́yìnkùlé, láti Senegal àti Gambia ni wọ́n ti kó àwọn bàbá ńlá wọn wá pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrú ní nǹkan bíi 350 ọdún sẹ́yìn. Àwọn oṣù kan wà tí ojú ọ̀run á dà bí ti ọyẹ́, gbogbo orí mọ́tò á ní eruku pupa, eruku Sàhárà ni, ó fò lókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ibí, ọmọ mi kékeré tó ní ikọ́ fée kì í lè jáde lọ́jọ́ náà. Ṣé eruku ilé wa kọ́ nìyẹn, àbí kí ni?

Ìjì líle náà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Òjò àti ààrá tó ń gba àríwá Nàìjíríà, Niger àti Mali kọjá lásìkò òjò, tó bá já sórí òkun, tí omi bá gbóná, ó lè máa yí, á máa fẹjú, títí á fi di hàríkéènì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá là ń ṣọ́nà. Àwọn àgbà ibí ṣì ń sọ̀rọ̀ Janet tó jà ní 1955, tó pa èèyàn tó lé ní 30, Mọ́mì wà ní kékeré nígbà yẹn, wọ́n rántí pé abẹ́ ibùsùn ni ìyá wọn kó gbogbo wọn sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí hàríkéènì ò fi kọlù wọ́n gan-an, wọ́n máa ń sọ pé Ọlọ́run ọmọ Barbados ni. Títí Elsa fi dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù keje, 2021. Mi ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Inú bálùwẹ̀ la wà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi fóòmù bora, mo ń ka Sáàmù 91 sókè, mi ò sì gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tó rọlẹ̀ tá a jáde, òrùlé wa wà, ti ilé kejì sí wa ti lọ, pánù ẹ̀ wà lórí pápá bí ìwé tí wọ́n ya. Ọ̀sẹ̀ kan la ò fi ní iná.

Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìyẹn ni eérú ti kọ́kọ́ rọ̀ lé wa lórí. Òkè oníná tó wà ní erékùṣù Saint Vincent, La Soufrière, bú gbàmù lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin. Lápá ìwọ̀ oòrùn wa ló wà, ó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 180, atẹ́gùn ibí ì bá sì ti gbé eérú ẹ̀ lọ sí ọ̀nà ibòmíì, àmọ́ atẹ́gùn tó wà lókè pátápátá, ìlà oòrùn lòun ń fẹ́ sí, ìyẹn ló gbé e wá bá wa. Lọ́jọ́ kejì ọ̀sán di òru. Eérú lórí ewé, nínú gọ́tà, láàárín eyín. A tì wíńdò pa nínú ooru yẹn, a fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan la fi ń gbá a, tá a bá gbá a tán atẹ́gùn á tún kó òmíì wá.

Ẹni tó bá ń rí fọ́tò etíkun, kò sí ohun tó máa fi mọ gbogbo èyí. Kò sì lè gbóòórùn sargassum. Koríko òkun ni, awọ̀ búráùn, láti 2011 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá rẹpẹtẹ, ọdún mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ọdún mìíràn á ga dé orúnkún létí omi, tó bá ń jẹrà á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Àwọn apẹja ò ní lè gbé ẹ́ńjìnnì kọjá, ọmọ ahun òkun á há sínú ẹ̀.

Nínú gbogbo ìjì, hàríkéènì Beryl lèyí tó dùn mí jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan ilé wa. Ọjọ́ kìíní oṣù keje, 2024. Ìlú ṣì kún fún àlejò, torí lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n gba àṣekágbá ife àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì ní pápá ìṣeré Kensington Oval, Íńdíà ló gbà á, ìjì náà ni ò jẹ́ kí wọ́n lè tètè lọ sílé. Gúúsù wa ni Beryl gbà kọjá, ó kù díẹ̀ kó dé, ṣùgbọ́n ó rán ìgbì wá, ìgbì yẹn ló wọ ibi tí wọ́n so ọkọ̀ ìpẹja mọ́, ó ń fi wọ́n gbára, ó ń gbé ọ̀kan gun orí ọ̀kan títí ọ̀pọ̀ ẹ̀ fi fọ́ tó sì rì. Obìnrin tó ń ta ẹja fún mi, ọkọ̀ ìpẹja ẹbí wọn wà lára ẹ̀. Mo lọ bá a l'Oistins lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó nídìí tábìlì ẹ̀, tábìlì yẹn ti mọ́ tónítóní, kò sẹ́ja lórí ẹ̀, ó kàn wá jókòó ni. Mo jókòó tì í. A ò sọ ohun tó pọ̀.

Ibì kan tún wà tí mo máa ń lọ, kò jìnnà sílé wa, Newton. Oko ìrèké ni tẹ́lẹ̀. Pápá lásán ni téèyàn bá wò ó, koríko ni, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 570 èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n sin síbẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí òkúta lórí sàréè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ hú ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ní ẹ̀gbà ọrùn lọ́rùn: owó ẹyọ méje, eyín ajá tí wọ́n lu, egungun ẹja, àti ìlẹ̀kẹ̀ pupa ńlá kan. Ìkòkò tábà ẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé oníṣègùn ni. Àwọn èèyàn tí wọn ò ní nǹkan kan rárá, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ gé ìrèké fún ẹlòmíì, ni wọ́n kó owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ jọ sin bàbá wọn. Mi ò mọ èdè tí bàbá náà sọ. Mo máa ń kí i ní Yorùbá ṣáà, mo máa ń ní ẹ kú ilé o, bàbá.

Oṣù karùn-ún la wà báyìí. Ní ìpè àná, Màámi ní òjò ti ń rọ̀ dáadáa nílé, pé àgbàdo máa yọ lọ́dún yìí, inú wọn dùn, inú èmi náà dùn, mo sì dìde lọ ka bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mẹ́fà ni. Mo ra mẹ́jọ sí i, mo ra sàdíìnì, kẹ́rọ́sìnnì kékeré àti páànù omi tuntun, ọkọ mi kan ìṣó mọ́ pákó wíńdò méjì tó ti ń mì. Nírọ̀lẹ́ a gbé àkàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mángòrò, ó ń gé àwọn ẹ̀ka tó ti sún mọ́ òrùlé, èmi ń kó o. Mọ́mì gbé àga wọn jáde wá síwájú ilé, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí èyí tí a gbàgbé.